OWÓ ÀWỌN ELÉRÉ ÌDÁRAYÁ WA

Nígbà tí àwọn Super Falcons gba ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ní ìlú Rabat ní oṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rẹ owó tí iye rẹ̀ tó 100,000 dọ́là, pẹ̀lú ilé. Inú wa dùn, nítorí ọmọ tí ó gbé orúkọ ilé ga yẹ ní kíkí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jó lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé, ṣé owó wà fún bọ́ọ̀lù tí kò sí fún olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì?

A kò pe èyí ní ìlara. Ohun tí ó dùn wá ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni owó ń jáde. Àgbẹ̀ Ẹ̀rúnmú kì í dúró di ìgbà tí kòkó bá so kí ó tó ro ìdí rẹ̀. Ìjọba wa a máa kí ọdẹ tí ó pa ẹran bọ̀, ṣùgbọ́n kì í bá a ra ètù ìbọn.

Ẹ wo Paris ní ọdún 2024: eléré 88 ni a rán lọ sí ìdíje Olympic, a kò sì gba àmì-ẹ̀yẹ kan bọ̀. Favour Ofili yege láti sá eré 100 mítà, ṣùgbọ́n kò sá a, nítorí pé a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Atlanta ní ọdún 1996, wúrà méjì ni àwa gbà. Ọ̀kan péré ni àwọn ará Ìlú Ọba gbà. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń yọ nínú owó lọ́tìrì tọ́jú àwọn eléré wọn. Ní London ní ọdún 2012, wúrà 29 ni wọ́n gbà. Àwa kò gba nǹkan kan.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àwọn ènìyàn wa kórìíra irú ìnáwó yìí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ pápá Liberty tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọdún 1963. Ará ìlú fi ojú ara wọn rí ohun tí owó wọn ṣe.

Nítorí náà, a bẹ National Sports Commission, tí a tún gbé dìde ní ọdún 2024, pé kí ó máa tẹ ìṣirò jáde lọ́dọọdún: iye tí ó wọlé, ẹni tí a ná an lé lórí, àti ohun tí ó kù. Kí ó sì rí i pé ìpín kan dé pápá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìlú kéékèèké bí Ẹ̀rúnmú, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ sáré.

Ẹni tí ó ń dá èsúsú kì í kọ̀ láti dá owó. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí olórí èsúsú ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀.