Ìbọn Kì í Ṣe Ọjà Ẹ̀yìnkùlé

Mo gbọ́ tí àwọn kan ní Ẹdẹ ń wí pé àṣà òyìnbó ni kí a wádìí ìwà ẹni tí ó fẹ́ ra ìbọn, pé àbùkù ni fún ọmọ Ògún. Irọ́ ni! Ìtàn wa sọ pé Aláàfin mọ Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, ní jagunjagun kí ó tó rán an wá ṣọ́ ọ̀nà.

Òfin ìbọn ọdún 1959 ní kí a gba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ ṣakabùlà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ níkọ̀kọ̀. Ìwé nìkan kò mọ òǹrorò. Olórí ọdẹ mọ̀ ọ́n. Kí ẹni tí yóò ta ìbọn mú oníbàárà rẹ̀ dé iwájú olórí ọdẹ, kí ó fi irin búra (kóòtù ìjọba pàápàá gba irin lọ́wọ́ wa), kí wọ́n tó lọ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá sá fún irin, ta ni ó fẹ́ yìnbọn náà fún?