Ìṣirò Tó Ń Ṣáájú Àrùn Wọ Ọgbà Yunifásítì

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, àwọn aláṣẹ kéde pé, nítorí àrùn Kòrónà tó ń ràn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ yóò ti máa gba ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Wọn kò ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àyẹ̀wò Kòrónà kí wọ́n tó wọlé. Ṣé ó ṣeé ṣe kí a ti mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò já sí kí ó tó ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò àjàkálẹ̀ àrùn nìyẹn.

Láti ọdún 1927 ni Kermack àti McKendrick ti fi ọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀. Pín àwọn èèyàn sí mẹ́ta: àwọn tí àrùn lè mú, àwọn tó ti mú tí wọ́n ń kó o ran ẹlòmíràn, àti àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo bí wọ́n ṣe ń ti ìhà kan bọ́ sí òmíràn lójoojúmọ́. Bí ẹni kan bá ń kó o ran èèyàn méjì àbọ̀, ẹni mẹ́rin á kó o ran mẹ́wàá, mẹ́wàá á kó o ran mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti lé ní ọgọ́ta. Nínú ọgbà tí wọ́n ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń wẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun, ó ṣòro láti ní kí wọ́n má pàdé. Ohun tó kù ni pé kí a tètè rí ẹni tó ní in, kí a sì yà á sọ́tọ̀.

Báwo la ó ṣe tètè rí i? Paltiel ní Yunifásítì Yale, pẹ̀lú Zheng àti Walensky, ṣe ìṣirò kan lórí èyí ní 2020. Wọ́n fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ 5,000, tí mẹ́wàá ti kó àrùn láìmọ̀, fún ọgọ́rin ọjọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n lò kò péye: ẹni méje nínú mẹ́wàá tó ní àrùn ló ń rí. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn tí yóò kó àrùn á tó 1,840. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjì-méjì, 243 ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, nítorí àyẹ̀wò kan náà ni. Ẹni tí àyẹ̀wò òní fò dá, ti ọ̀túnla ṣeé ṣe kó mú un. Ẹni tí wọ́n fò dá ní ọjọ́ Ajé tí kò tún ní ṣe òmíràn títí Ajé mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń pín àrùn kiri.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ ní ohun tó ń ná ni. Àyẹ̀wò náà ń ṣi ẹni méjì mú nínú ọgọ́rùn-ún tí ara wọn le. Nínú 5,000, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nìyẹn nígbà kọ̀ọ̀kan. Níbo ni wọn yóò sùn tí wọ́n bá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní yàrá fún wọn, kó má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní Yunifásítì Cornell, ìṣirò Peter Frazier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ṣíṣí ilé-ẹ̀kọ́ lè dín àrùn kù ju títì í pa lọ. Ìdí ni pé, bí wọ́n bá tì í, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì máa wá gbé nínú ìlú Ithaca tí Cornell wà, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní lè sọ àyẹ̀wò di dandan fún wọn.

Ti Yunifásítì Illinois ló dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ itọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní 2020. Àwọn tó ṣe ìṣirò wọn, Goldenfeld tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti Elbanna tó jẹ́ ẹnjiníà, ka pátì mọ́ ọn. Ohun tí wọn kò kà mọ́ ọn ni pé ẹni tó mọ̀ pé òun ti ní àrùn yóò ṣì lọ sí pátì. Àwọn kan lọ, àrùn sì pọ̀ sí i. Ìṣirò kì í sọ pé "báyìí ni yóò rí". Ohun tó ń sọ ni pé "bí ẹ bá ṣe báyìí, báyìí ni yóò rí". Babaláwo pàápàá kì í sọ pé ire dé láì dárúkọ ẹbọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún họ́sítẹ́ẹ̀lì tiwa, kó má gba iye tó wà nínú ìwé àwọn aláṣẹ gbọ́. Yàrá ẹni mẹ́rin lè gba mẹ́jọ, nítorí àwọn tó wá bá ọ̀rẹ́ gbé. Kó lọ kan ilẹ̀kùn ní aago méjìlá òru, kó ka àwọn tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú.