Ẹ dá òdòdó ẹsẹ̀ àpáta sí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra máa fín oògùn apakoríko lẹ́sẹ̀ àpáta. Òdòdó kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eulophia guineensis, ọ̀kan lára ẹbí orchid. Ilẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bo àpáta ló fẹ́ràn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ewé rẹ̀ á gbẹ dànù, á ku iṣu kékeré rẹ̀, ẹni tó ń kọjá á sì rò pé ilẹ̀ ṣófo ni.

Kò ṣeé gbìn bí àgbàdo. Hóró rẹ̀ dà bí ekuru, kò ní oúnjẹ nínú. Àfi bí ohun tín-ín-rín kan nínú ilẹ̀, ìbátan olú, bá bọ́ ọ ni yóò hù.

Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè, nítòsí Àkúrẹ́, ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO fọwọ́ sí. Àpáta la fi ń yangàn, ta ló ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Èmi náà ò wò ó tẹ́lẹ̀. Kí ìjọba tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti fọ́ òkúta, kí wọ́n kọ́kọ́ rán àwọn onímọ̀ igbó FUTA lọ yẹ ibẹ̀ wò. Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n wà.