Nígbà tí ohùn kọ̀ǹpútà bá há: ẹ wádìí kí ẹ tó náwó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo àwa tí a ń fi etí kọ́ èdè. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ Yorùbá, orí kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn olùkọ́ wọn. Bí ohùn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà bí guguru lórí iná, tàbí tí ó há bí ohùn ẹni tí òtútù mú, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé sípíkà ti bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn. Èmi kò fara mọ́ èyí. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àrùn wà, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe sípíkà.

Kí ló dé tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí? Èdè olóhùn ni èdè wa. Igba, igbá, ìgbà àti igbà: lẹ́tà kan náà ni, ìtumọ̀ mẹ́rin ni. Bí ariwo bá gé sílébù kan kúrò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ohun tí olùkọ́ kò sọ, yóò sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa kò lè sọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ohùn ṣe ń jáde. Ohùn tó wà lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán ni. Irú ti CD ní nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ń gbé nọ́ńbà wọ̀nyí wá bí ọmọ tí ń pọnmi sínú àmù. Káàdì ohùn sì ń bu omi náà láìdúró. Bí ọmọ bá pẹ́ lódò tí àmù gbẹ, ohùn á já. Jíjá náà lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n etí á gbọ́ ọ bíi “pà!” Láptọ́ọ̀pù kékeré ni èyí sábà máa ń bá jà, torí pé agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ rántí Eee PC tí Asus gbé jáde ní ọdún 2007, tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7 péré. Ẹni tó ṣí ojú ewé ogún lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó tún fẹ́ gbọ́ oríkì, iṣẹ́ ọmọ méjì ló gbé lé ọmọ kan lórí.

Báwo ni a ó ṣe wádìí? Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ fáìlì kan náà lórí fóònù. Bí ó bá há níbẹ̀ pẹ̀lú, inú fáìlì ni àbùkù wà; ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Èkejì, ẹ dín ohùn kù sí ìdajì. Ètò bíi VLC gbà kí a gbé ohùn kọjá 100%. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí ìgbì ohùn á kan àjà, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Híhá tí a ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ki íápíìsì oníwáyà bọ̀ ọ́. Bí ohùn bá mọ́ nínú rẹ̀, sípíkà ni kí a fura sí: ó lè jẹ́ pé bébà inú rẹ̀ ti ya, tàbí pé ìdọ̀tí wọ ibẹ̀. Bí ó bá ń ta pàrà-pàrà nínú íápíìsì náà, ẹ mi ẹnu wáyà díẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ojú ihò ni ìṣòro wà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ ṣájà. Bí ohùn bá ń kùn bí oyin tẹ́lẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ yọ ọ́, ọ̀dọ̀ iná ni ariwo ti ń wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ yọ ṣájà ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já, kọ̀ǹpútà ń dín agbára rẹ̀ kù kí bátìrì má baà tètè tán. Ẹ yí ètò ìfinápamọ́ padà.

Bí gbogbo èyí kò bá tú àṣírí náà, ó ku inú ẹ̀rọ. Ẹ ti àwọn ètò tí ẹ kò lò. Nínú ètò ohùn Windows, ẹ pa ohun tí wọ́n ń pè ní Audio enhancements. Ẹ gba driver káàdì ohùn tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Nígbà mìíràn, driver Wi-Fi ló ń dá ọmọ apọnmi dúró lọ́nà. Ètò LatencyMon lè fi ẹni tó ń fa ìdádúró hàn. Bí ojú ihò tàbí káàdì ohùn bá ti kú pátápátá, káàdì kékeré kan wà tí a ń kì bọ ojú USB, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti láptọ́ọ̀pù tuntun rárá.

Íápíìsì aláìníwáyà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí a bá ṣí gbohùngbohùn rẹ̀ nínú kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bọ́ sí ọ̀nà ìpè fóònù, níbi tí nọ́ńbà ohùn lè já wálẹ̀ sí 16,000, tàbí 8,000 pàápàá. Ní 8,000, ohùn tó ga ju 4,000 Hz lọ kò lè kọjá, òkè ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú agbára “s” wà. Ẹ wá sọ fún mi bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ “sá” yàtọ̀ sí “ṣá”. Gbohùngbohùn ara láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ lò, kí íápíìsì máa ṣe iṣẹ́ gbígbọ́ nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìnira yìí pọ̀ jù, pé kí a ṣáà ra tuntun. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kékeré tuntun, sípíkà kékeré náà ni yóò gbé wá. Kò lè mú ohùn ìsàlẹ̀ ìyá ìlù jáde bó ṣe yẹ, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́ sípíkà tó fẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí dùndún ń wí, kí ó fi íápíìsì gbọ́ ọ.

Ibì kan wà tí ìwádìí yìí kò lè dé. Ohùn tó kan àjà nígbà tí a ń gbà á sílẹ̀ ti tẹ́ títí láé. Kò sí driver tó lè dá orí rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú kan wò, kí ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ, kí bàbá tàbí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù ṣe é tún ṣe. Àgbà tó ti lọ kò ní padà wá tún ọ̀rọ̀ sọ.