Pọ̀nmọ́, Táyà àti Àwọn Tí Ń Fi Ahọ́n Ṣòfin

 

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún iṣẹ́ awọ ní Zaria kéde fún àwọn oníròyìn pé àbá kan ń bọ̀ níwájú àwọn aṣòfin láti fi òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́. Ìdí méjì ni ó gbé kalẹ̀. Ó ní pọ̀nmọ́ kò ní oore kankan tí ó ń ṣe fún ara. Ó sì ní awọ tí ó yẹ kí ó di bàtà àti báàgì ni àwọn ará ìlú ń sè jẹ, èyí sì ni ó ń pa iṣẹ́ awọ ní Nàìjíríà. Àbá náà kò di òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kú. Ó ti wọ ìgboro, ó sì ti rí ahọ́n tí ń gbé e kiri.

Ẹ lọ sí ìsọ̀ olóńjẹ èyíkéyìí ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ní wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ń darí bọ̀ láti Apapa. Ẹ ó gbọ́ ọ̀dọ́ tí ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ pọ̀nmọ́ yẹn kúrò, kò ní nǹkan kan lára." Ìyá olóńjẹ á yọ ọ́, á fi ẹran kékeré kan dípò rẹ̀, owó á sì lé. Èyí kò burú. Ẹnu ẹni ni ẹni fi ń jẹun. Ohun tí ó burú ni pé àwọn kan lára àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí ti kọjá ibẹ̀. Wọ́n ní hàráámù ni pọ̀nmọ́, nítorí pé ìná-àpà ni kí Mùsùlùmí náwó lé ohun tí kò ní àǹfààní, Ọlọ́hun kò sì fẹ́ràn onínàá-àpà. Báyìí ni àhesọ ṣe wọ agbádá fátíwà.

Ṣé òótọ́ ni pé pọ̀nmọ́ kò ní nǹkan kan lára? Kì í ṣe òótọ́. Lẹ́yìn omi, purotéènì ni ó pọ̀ jù nínú awọ màlúù, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ́lájìn, ọ̀rá inú rẹ̀ sì kéré. Àbùkù rẹ̀ ni pé purotéènì náà kò pé: ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń mọ iṣan, èyí tí wọ́n ń pè ní tryptophan, kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, òbí tí ó bá fi pọ̀nmọ́ nìkan rọ́pò ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà fún ọmọ tí ń dàgbà, ó ṣe ọmọ náà níbi. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ pọ̀nmọ́ nìkan? Ohun tí kò sí nínú awọ wà nínú ẹ̀wà. Ìyá tí ó bu ẹ̀wà àgànyìn, tí ó sì gé pọ̀nmọ́ sínú ata rẹ̀, ti tún ọ̀ràn náà ṣe láìka ìwé kankan. Oúnjẹ tí kò pé yàtọ̀ sí oúnjẹ tí kò wúlò. Bí ó bá ṣe pé gbogbo ohun tí kò pé ni kí ìjọba fi òfin dè, gààrí ni ọlọ́pàá ìbá kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀sùn kejì ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ náà: awọ ni wọ́n ń wá. Kò sí ẹ̀bi nínú kí ìjọba fẹ́ kí iṣẹ́ awọ gbèrú. Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó àti Kánò ni ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́, tí àwọn Òyìnbó sì ń pè é ní awọ Mòrókò. Ògo ń bẹ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ awọ, kí ó san owó tí ó ju ti oní-pọ̀nmọ́ lọ, àwọn alápatà yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ó má ṣe fi ìlera mẹ̀kúnnù bojú láti gba oúnjẹ lẹ́nu mẹ̀kúnnù.

Ní ti àwọn tí ń pè é ní hàráámù, Ọlọ́hun ti kìlọ̀ nínú Sùúrà an-Nahl, àáyà 116, fún àwọn tí ahọ́n wọn ń pín nǹkan sí hàlálì àti hàráámù láìní ẹ̀rí. Irọ́ pípa mọ́ Ọlọ́hun ni Ó pe ìwà náà. Awọ màlúù tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́hun dú, ara màlúù ni. Ẹ̀rí tí ó yọ ọ́ kúrò lára ẹran dà? Nínú ilé Maymunah, aya Ànábì, wọ́n gbé alángbá aṣálẹ̀ tí wọ́n ti yan síwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó na ọwọ́ sí i. Wọ́n sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Khalid ọmọ Walid bi í bóyá hàráámù ni. Ó dáhùn pé rárá, kò sí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fà sí i. Khalid fa oúnjẹ náà sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́, Ànábì sì ń wò ó. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba ìtàn yìí wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò sọ ohun tí òun kò fẹ́ di èèwọ̀ fún Khalid. Ta ni ó wá fún ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní àṣẹ tí ó ju ìyẹn lọ?

Síbẹ̀, kí àwọn olólùfẹ́ pọ̀nmọ́ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ yẹn bi ìyá olóńjẹ ni kò bi í: iná kí ni wọ́n fi wì í, ibo sì ni awọ náà ti wá?

Nítorí pé igi ìdáná àti gáàsì wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe pọ̀nmọ́ ń jó táyà tí ó ti gbó sí abẹ́ awọ. Kì í ṣe rọ́bà nìkan ni ó wà nínú táyà; wáyà irin wà níbẹ̀, imí ọjọ́ wà níbẹ̀, síǹkì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun tí wọ́n ti inú epo rọ̀bì yọ. Èéfín rẹ̀ ń gbé èròjà tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àwọn olùwádìí ní yunifásítì ilẹ̀ wa sì ti bá òjé àti irú rẹ̀ pàdé nínú awọ tí wọ́n wì báyìí. Òjé kì í fi ọpọlọ ọmọdé sílẹ̀ láìbàjẹ́. Fífi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ dànù kò mú ohun tí ó ti wọ inú rẹ̀ kúrò. Kí pọ̀nmọ́ náà tó dé ìkòkò ẹnikẹ́ni, ọmọkùnrin tí ó dúró ti iná ti fa èéfín rẹ̀ sínú láti àárọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe wáàsí nítorí tirẹ̀.

Èkejì ni awọ tí ó wọ ọkọ̀ òkun wá. NAFDAC ti kìlọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nípa awọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà ṣe fún ilé iṣẹ́ bàtà, tí àwọn oníwọ̀ra sì darí rẹ̀ sí ọjà oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ìtòsí èbúté Apapa mọ̀ pé orúkọ tí ó wà nínú ìwé kọ̀ǹtẹ́nà lè yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹtẹ́nà. Lórí èyí gan-an ni Mùsùlùmí ti ní ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe pa màlúù tí ó ni ín. Wọ́n fi àgùntàn kan ta ìránṣẹ́ Maymunah lọ́rẹ, àgùntàn náà sì kú fúnra rẹ̀. Ànábì béèrè ìdí tí wọn kò fi lo awọ rẹ̀. Wọ́n ní òkú ẹran ni. Ó ní jíjẹ rẹ̀ ni ó jẹ́ hàráámù. Awọ òkú ẹran lè di bàtà, kò lè di oúnjẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: awọ tí Zaria ń wá fún bàtà ni hàlálì fún ìkòkò wa, awọ tí wọ́n kó wọlé fún bàtà ni kò yẹ kí ó dé ìkòkò rárá.

Ọ̀dọ́ tí ó yọ pọ̀nmọ́ kúrò nínú àwo yìí kan náà ni yóò há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tírélà lọ́jọ́ kejì, tí yóò ra mínírà àti sọ́séèjì láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ìgò mínírà dúdú 50cl kan lè ní ṣúgà tí ó lé ní gíráàmù 50 nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu rẹ̀ má kọjá nǹkan bíi 50 lóòjọ́. Ìgò kan ti parí ti ọjọ́ náà. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka àjọ yẹn tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ fi irú ẹran tí wọ́n ń fi ṣe sọ́séèjì sí ara àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà. (Ìwọ̀nba ẹran tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni o.) Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n kò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní hàráámù, nítorí pé ọ̀rá tí ń dán ni wọ́n dì í sí.

Ohun tí ara ẹnìkan kò gbà lè dára fún ẹlòmíràn. Ali ń bọ̀ láti inú àìsàn nígbà tí ó na ọwọ́ sí dàbínù; Ànábì dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n se ọkà bálì pẹ̀lú ewébẹ̀, ó ní kí Ali jẹ ìyẹn. Dàbínù kò di hàráámù. Bákan náà, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó ṣọ́ iyọ̀ àti mágí inú ọbẹ̀, kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń dùn ún béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí ẹni tí ara rẹ̀ dá jẹ pọ̀nmọ́ rẹ̀ ní wọ̀ǹtúnwọ̀nsì.

Iléyá ń bọ̀. Awọ àgbò tí a fi ṣe ẹbọ, olúwarẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi san owó iṣẹ́ alápatà, sàráà ni. Igun òpópónà mélòó ní Ajégúnlẹ̀ ni èéfín táyà kì í tí ń rú lọ́jọ́ náà lórí awọ kan náà yìí? Kí àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan dá owó gáàsì jọ láti ìsinsìnyí, kí wọ́n gbé iná rẹ̀ sí àgbàlá mọ́sálásí, kí ẹni tí ó bá dú àgbò gbé awọ rẹ̀ wá síbẹ̀.