Oògùn Ọpọlọ fún Ọ̀dọ́: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọmọ Náà?

Ẹ̀yin òbí Ìdímù, Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ ọdún 15 bá ní ibà, kíá la ó wá oògùn fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà kò bá sùn mọ́, tó ń dá sọ̀rọ̀, tàbí tó ń ní ikú yá ju ayé lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ayé ni. Bí dókítà bá wá kọ oògùn fún un, ariwo á ta: "Oògùn wèrè kẹ̀? Fún ọmọ tèmi?"

Ta ló sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni oògùn orí tó dàrú? Kí òyìnbó tó dé ni àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú alárùn ọpọlọ. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà reserpine lára igi Íńdíà kan tó bá asofẹ́yẹjẹ tan. Èròjà náà wà nínú tiwa pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní oògùn kò gbọdọ̀ kan ọpọlọ ọmọ òun, tó wá ń fún un lágbo, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Àwọn mìíràn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni oògùn tiwọn. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní ọsibítù, ní ilé àdúrà àti lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ní Nàìjíríà. Ọmọkùnrin ọdún 10 ló kéré jù nínú wọn. Ẹ bẹ̀rù hóró oògùn, ẹ ò wá bẹ̀rù irin?

Síbẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀rù nídìí. Ní 2004, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nítorí ó lè mú kí èrò àtipa ara ẹni pọ̀ sí i lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ kan. Lọ́dún náà gan-an, ìwádìí lára ọ̀dọ́ 439 níbẹ̀ fi hàn pé oògùn fluoxetine, pẹ̀lú olùtọ́jú tó ń bá ọmọ jókòó sọ̀rọ̀, ṣiṣẹ́ ju kí wọ́n lo ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oògùn tí kò ní olùṣọ́ ló léwu. Oní-kẹ́míìsì tó ń ta hóró oògùn fún ìyá kí ọmọ alágídí lè jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀daràn ni: oògùn kì í ṣe pàṣán. Dókítà tó kọ oògùn, tí kò tún fojú kan ọmọ náà mọ́, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe. Bàbá tó da oògùn nù nítorí ọmọ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, òun náà jẹ̀bi.

Òṣòdì kò jìnnà sí Ìdímù. Ẹ̀ka ọsibítù Yábàá tó wà níbẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aláṣẹ Àlímọ̀ṣọ́, kí ló dé tí ọmọ wa yóò fi wọ bọ́ọ̀sì kí ẹnì kan tó bi í léèrè bó ṣe ń sùn? Ẹ fi ẹni tó mọṣẹ́ náà sí ilé ìwòsàn àdúgbò wa.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Orí ọmọ wa ńkọ́?