Corolla tàbí Civic: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Kòsọ́fẹ́ wò kó tó sanwó

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí òfin tó de ọ̀kadà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní Kétu, Máìlì 12 àti Ìkòsì ló ti ń ronú àtiní mọ́tò kékeré tiwọn. Àwọn kan fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, àwọn mìíràn sì fẹ́ fi kó èrò kí owó lè máa wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ ará Èkó nìkan. Òbí tó wà lábúlé, tó ta kòkó tàbí tó gba owó ìfẹ̀yìntì, tó wá kó o ránṣẹ́ sí ọmọ ní Kétu pé kó fi ra mọ́tò, ọ̀rọ̀ kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Mọ́tò méjì ló sábà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín irú àwọn olùrà bẹ́ẹ̀. Èkíní ni Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, èkejì sì ni Honda Civic ti ọdún 2001 sí 2005. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì ti ń wá, owó wọn kì í sì í jìnnà síra. Ẹni tó ní Corolla á ní kò sí irú rẹ̀, ẹni tó ní Civic náà á ní tòun ló dára jù. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ náwó kò gbọdọ̀ fi ti ariwo ṣe.

Àṣìṣe níbi ríra mọ́tò ti di ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, èyí tó dí ọ̀nà Kútọnu mọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé òfin. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa sọ iye tó jẹ́. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,500 lóṣù kejì ọdún 2024. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra tòkunbọ̀ lókè òkun.

Ní ti epo, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà. Ẹ́ńjìnnì Corolla jẹ́ lítà 1.8, ti Civic jẹ́ 1.7. Epo tí wọ́n ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, táńkì ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bíi lítà 50. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan jẹ́ nǹkan bíi ₦185 ní Èkó, ₦9,250 ló ń kún táńkì náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, tí ilé epo NNPC ní Èkó ń ta lítà kan ní ₦998, ó di ₦49,900. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mú ọ̀kan torí pé kò mu epo kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Mọ́tò tí wọn kò tọ́jú ló ń mu epo, orúkọ yòówù kó máa jẹ́.

Inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ṣéènì onírin ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì Corolla, bí wọ́n bá sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ó lè pẹ́ gan-an. Bẹ́líìtì onírọ́bà ni ti Civic. Ìlànà Honda ni pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí mọ́tò bá ti rin nǹkan bíi máìlì 110,000, kó sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ooru bá ti pọ̀. Bí bẹ́líìtì yìí bá já lórí eré, fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ kì í sábà mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá mú Civic gbọ́dọ̀ ka owó bẹ́líìtì tuntun mọ́ owó mọ́tò. Kó tún yẹ jíà rẹ̀ wò dáadáa, pàápàá ti ọdún 2001 àti 2002, torí pé ẹ̀sùn pọ̀ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Civic náà ní iyì tirẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni kẹta tó jókòó sí àárín lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tún ń jẹ́ kó dúró dáadáa lójú títì. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corolla kò ní wàhálà púpọ̀, bí gálọ́ọ̀pù bá bà á jẹ́, kò ṣòro tún ṣe. Ẹ̀yà ara rẹ̀ náà kì í wọ́n ní Owódé Onírin tàbí ní Ládípọ̀.

Ohun tó ga ju gbogbo èyí lọ kò hàn sójú. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ló ṣe ẹ́ábáàgì fún púpọ̀ nínú mọ́tò méjèèjì. Ẹ́ábáàgì ni àpò tó ń wú jáde nígbà tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kó lè gba orí àti àyà ènìyàn. Kẹ́míkà tó ń mú àpò náà wú máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá wá bú, á fọ́ agolo irin tó wà nínú rẹ̀, irin náà á sì fọ́n sí ojú àti ọrùn ẹni tó wà níwájú. Ó ti pa ju 20 ènìyàn lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Lóṣù kejì ọdún 2023, Honda kìlọ̀ fún àwọn tó ní irú mọ́tò rẹ̀ kan níbẹ̀, tí Civic ọdún 2001 àti 2002 wà lára wọn, pé kí wọ́n má wà á mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Toyota náà ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí Corolla ọdún 2003 àti 2004. Mọ́tò tó bá kúrò ní Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin kò ti wọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì náni lówó. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníàmì 17, èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ dírẹ́bà. Bí nọ́ńbà náà bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 jẹ́ Kánádà, J sì jẹ́ Japan. Àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún tí mọ́tò jẹ́: 3 ni 2003, 8 ni 2008. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2007 ni, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 4, irọ́ ló ń pa. Kí ẹ fún ọmọ tó ní fóònù íntánẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà náà, kó tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó àjọ NHTSA tí ìjọba Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe. Kí ẹ tún ṣí kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà wà lábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò tí àgbàrá ti bò rí lókè òkun kò ṣọ̀wọ́n láàárín tòkunbọ̀, àwọn ibi tó sún mọ́ odò Ògùn ní Kòsọ́fẹ́ náà sì ti rí omíyalé rí.

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ lé orí òṣùwọ̀n, Corolla ti ọdún 2005 sí 2008 ló sàn jù fún ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò ṣiṣẹ́ tàbí tí kò ní owó mìíràn nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá rà á. Civic ti ọdún 2004 tàbí 2005 yẹ ẹni tó ní mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì ti ya owó bẹ́líìtì sọ́tọ̀. Èyí tí ojú òpó náà bá ní wọn kò tíì tún ẹ́ábáàgì rẹ̀ ṣe, bó ti wù kó dán tó, kí olùrà fi í sílẹ̀, tàbí kó kọ́kọ́ gba ìdánilójú lọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà pé wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. A kì í dúnàá dúràá lórí ẹja inú omi. Ẹ wo nọ́ńbà náà ná, kí ẹ tó ka owó.